Gíláàsì Tí Wàá Lẹ̀ Mọ́ Ojú Kámẹ́rà Rẹ

Ọ̀yọ́,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Àníkẹ́ mi,

Gbogbo wa wà níbí, ara wa sì le. Ọyẹ́ ti mú. Ètè bàbá rẹ ti là, wọ́n sì ń ráhùn sí mi bí ẹni pé èmi ni mo ránṣẹ́ pe ọyẹ́. Mo gbà pé ìwọ náà wà dáadáa ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti pé ilẹ̀kùn yàrá tí o gbà nítòsí Ọjà Igbó ti ní kọ́kọ́rọ́ gidi. O ní wàá pààrọ̀ rẹ̀. O ò tíì sọ fún mi pé o ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé ni mo fẹ́ dáhùn. O ní irú gáàdì wo ni kí o lẹ̀ mọ́ ojú kámẹ́rà tuntun tí Táófíkì ẹ̀gbọ́n rẹ fún ọ nígbà tí o gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kámẹ́rà tí èèyàn ń fi ìka tẹ ojú rẹ̀ bíi ti fóònù. O ní ọkùnrin kan ní Ọjà Igbó ti sọ pé òun máa wá gíláàsì fóònù tó bá a mu, pé bó bá tóbi jù, òun máa gé e. Mo ní má rà á. O ní kí ló dé? Mo ní má ṣáà rà á. O wá ní, "Màmá, ẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé gíláàsì yẹn ti bá yín jà rí." O rẹ́rìn-ín, o ní oníbàárà ti dé, o sì pa fóònù.

Ó ti bá mi jà rí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún pè ọ́ láti ọjọ́ náà. Lẹ́ẹ̀kan o wà lórí ọ̀kadà, lẹ́ẹ̀kan o ń jẹun, lẹ́ẹ̀kẹta n kò gbọ́ ohun tí o ń sọ. Kò burú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, apá kan sì wà níbẹ̀ tí n kò ní lè sọ bí mo bá ń gbọ́ ohùn rẹ. Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, o máa lọ ya fọ́tò níbi wòlímọ̀ àwọn ọmọ ilé kéwú tó parí Kùránì ní Ìrẹsà. Ìrẹsà ni ìlú ìyá mi. Ìyá Kékeré, àbúrò ìyá mi, ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ. N kò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu wọn ni wàá ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Nínú àpòòwé yìí, wàá bá gíláàsì kékeré kan tí mo fi bébà wé. Má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohunkóhun. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí o máa kà lọ.

Ohun kìíní. Ìwọ nìkan kọ́ ni wàá máa fọwọ́ kan ojú kámẹ́rà yẹn.

Ó yẹ kí n ti mọ èyí láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Fíìmù là ń lò nígbà náà. Bí a bá ya èèyàn tán, yóò lọ sílé lọ dúró de fọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, mo ya ìyá àgbàlagbà kan tán nínú àgbàlá wọn, ìyá náà ní òun fẹ́ rí ara òun lójú ẹsẹ̀. Mo ní fíìmù ni, kò tíì ṣe é rí. Wọ́n ní, "O ti gbé mi sínú àpótí, o ò wá jẹ́ kí n rí ibi tí o gbé mi sí?" Àwọn èèyàn ń wò mí. Mo wò ó pé àgbà ni wọ́n. Mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà fún wọn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, mo fi fíìmù hàn wọ́n. Ìyá náà dúpẹ́, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, àmọ́ ọkàn àwọn ti balẹ̀.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá mi ní, "O ṣí i? Nínú oòrùn?"

"Àgbà ló ní kí n ṣí i, sà."

"Ṣé àgbà náà ló máa bá ọ tún gbogbo rẹ̀ yà?"

Fọ́tò àwọn ẹlòmíràn tí mo ti yà láàárọ̀ ọjọ́ náà wà lórí fíìmù yẹn. Gbogbo rẹ̀ ló jóná.

Síbẹ̀, nígbà tí mo wá ra kámẹ́rà onífọwọ́kàn tèmi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, n kò rántí. Mo fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ lásán. Mo ní ìka tèmi nìkan náà ni, mo sì mọ bí mo ṣe ń tẹ nǹkan jẹ́jẹ́. Ìsọmọlórúkọ kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló là mí lójú. Mo ya àwọn àlùfáà tán, ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn bá ní, "Gbé e wá, jẹ́ kí n wo ara mi." Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó.

"Ta ni arúgbó yìí?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Èmi kẹ̀? Rárá o. Ẹ̀rọ rẹ ti gbó." Wọ́n wá ń fi òrùka olókùúta ọwọ́ wọn kan ojú ara wọn nínú fọ́tò náà, kò, kò, kò. "Àlàájì, ẹ wá wo ohun tí obìnrin yìí sọ mí dà."

Àlàájì gbà á, wọ́n fi èékánná tẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀yin náà mà ni. Ó tiẹ̀ tún bo àṣírí yín díẹ̀."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà mi ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ mọ́ínmọ́ín sàráà. Nígbà tí wọ́n dá a padà fún mi, ìlà funfun kan ti gba àárín ojú rẹ̀ kọjá.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí n ní kí bàbá má fọwọ́ kàn án? Ìwọ náà mọ̀ pé kò ṣe é sọ. Nítorí náà, ra gáàdì, má sì tẹ́tí sí àwọn tó ń sọ pé ojú kámẹ́rà ti le tó fúnra rẹ̀. Kì í ṣe tìtorí ọwọ́ tìrẹ. Tìtorí òrùka àti èékánná àwọn tí o kò lè kọ̀ fún ni. Kí o sì ra gíláàsì, má ra ike. Ike máa ń tètè gba ìlà, ọ̀rá sì máa ń há mọ́ ọn lára. Gíláàsì, bí o bá fi aṣọ tó mọ́ nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó ti tó. Bí o bá sì fẹ́ gbé kámẹ́rà fún ẹnikẹ́ni, jẹ́ kí okùn rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ. Kúnlẹ̀ kí ó lè tó wọn lọ́wọ́. Wọn yóò rò pé ìtẹríba ni. Ìtẹríba náà ni.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin Ọjà Igbó rẹ. Èmi náà ní tèmi, ní ọjà Àkẹ̀sán níbí.

O rántí Ìyá Àgbà, ìyá mi, díẹ̀. O wà ní ìwé kẹfà nígbà tí wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa, láti wá tọ́jú ojú wọn tó ń ṣe bàìbàì. Ìyá Kékeré ló mú wọn wá. Ìyá Àgbà ò fẹ́ràn fọ́tò rárá. Bí mo bá gbé kámẹ́rà, wọ́n á ní, "Àṣàkẹ́, gbé nǹkan yẹn sọ́hùn-ún, mi ò bá a ṣọ̀rẹ́." Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n padà sí Ìrẹsà, àwọn fúnra wọn ló pè mí láàárọ̀. Wọ́n ní, "Ó yá, wá yà mí lónìí, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀."

Mo wo ìlà tó wà lójú kámẹ́rà mi. Mo ní irú ọjọ́ báyìí kọ́ ni mo fẹ́ fi ohun tó ní ìlà ṣiṣẹ́. Mo ní kí wọ́n dúró dè mí di ọ̀sán, mo sì gba Àkẹ̀sán lọ. Mo bá ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń ta ohun èlò fóònù lábẹ́ agbòòrùn. Mo ní gáàdì tí wọ́n ṣe fún irú kámẹ́rà mi ni mo ń wá.

"Kò sí, Màmá. Ìbàdàn lẹ ti lè rí i. Ṣùgbọ́n gíláàsì ṣáà ni gbogbo ẹ̀. Ẹ gbé e wá."

"Ti fóònù mà ni èyí tí o mú dání yìí."

"Kámẹ́rà yín ò mọ̀. Àbí ta ló fẹ́ sọ fún un?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbé e fún un. Láti ìgbà náà, bí ẹni tó ń tajà bá ti pa mí lẹ́rìn-ín, mo máa ń kọ́kọ́ lọ sílé ná.

Ó mú gíláàsì fóònù kékeré kan, ó gbé e lé ojú kámẹ́rà. Ó yọ jáde díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì débẹ̀ tán ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọkùnrin náà ní kò séwu. Mo ní màá lẹ̀ ẹ́ fúnra mi nílé, torí eruku ọjà. Mo délé, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ọyẹ́ ti ń gbé eruku wọlé ju ti ọjà lọ. Òrí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pa ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fi etí ìborùn mi nu ojú kámẹ́rà, mo sì lẹ gíláàsì mọ́ ọn. Òwú ìborùn há sí àárín. Àmì àtàǹpàkò mi wà ní igun ìsàlẹ̀, òrí ló fi yà á síbẹ̀. Etí nìkan ni gọ́ọ̀mù wà lára gíláàsì náà. Àárín rẹ̀ kàn gbé sókè ni, afẹ́fẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo ní ó máa ṣe é lò.

Àga tí ó wà lábẹ́ kàlẹ́ńdà àsàlátù ní pálọ̀ ni Ìyá Àgbà jókòó sí. Ẹsẹ̀ àga náà kan ń mì, Ìyá Kékeré wá dúró lẹ́yìn, wọ́n di àga mú. O mọ bí irú kámẹ́rà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́: ibi tí o bá fìka kàn lójú rẹ̀ ni yóò mú jáde kedere, àwọn ibi tó kù yóò ṣe wúrúwúrú. Mo kọ́kọ́ fi ìka kan ibi tí kàlẹ́ńdà wà, lókè lọ́hùn-ún, láti fi dán an wò. Ó gbọ́ mi lẹ́nu. Inú mi dùn. Mo wá fi ìka kan ojú Ìyá Àgbà, ní àárín. Kò gbọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára. Ó dà bí ẹni pé nǹkan kan yí padà, mo gbà pé ó ti gbọ́. Òwú àti afẹ́fẹ́ abẹ́ gíláàsì ò jẹ́ kí n rí i dáadáa. Mo yà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ó tó?"

"Ó tó, Ìyá."

"Gbé e wá kí n wò ó."

Mo gbé e fún wọn. Wọ́n gbé e sún mọ́ imú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún gbé e sún mọ́ imú.

"Àṣàkẹ́, mi ò rí ojú mi níbí o. Ó ń ṣe bàìbàì."

Mo ní, "Ojú yín ni, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí oògùn yẹn ṣiṣẹ́ ná."

Wọ́n ní, "Bóyá ni." Wọ́n dá kámẹ́rà padà fún mi.

Wọ́n lọ sí Ìrẹsà lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹrin ni mo gbé iṣẹ́ lọ sí lábù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àsàlátù tó wà lára kàlẹ́ńdà ṣe é kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ìyá mi dà bí ohun tí omi ta sí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà.

Mo ní màá lọ tún wọn yà lọ́jọ́ Jímọ̀. Jímọ̀ yẹn, iṣẹ́ dé. Jímọ̀ kejì, ibà mú bàbá rẹ. Kí Jímọ̀ kẹta tó pé, wọ́n ti ránṣẹ́ wá pè mí láti Ìrẹsà, kì í sì í ṣe fún fọ́tò. Yàtọ̀ sí ti káàdì ìdìbò wọn, níbi tí wọ́n ti di ojú, kò sí fọ́tò ìyá mi mìíràn láyé yìí ju mẹ́ta yẹn lọ. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ló wà ní pálọ̀ wa.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí wàá ṣe.

Yí kámẹ́rà rẹ dé, wo abẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà irú rẹ̀ síbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni kó wà lára páálí gáàdì, kì í ṣe èyí tó fara jọ ọ́. Fi ránṣẹ́ sí Táófíkì ní Ìbàdàn kó bá ọ wá a, kó fi rán dírẹ́bà. Mo mọ̀ pé kì í tètè gbé fóònù. Pè é títí yóò fi gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń ṣe, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ títí màá fi gbọ́ ohùn rẹ̀.

Bó bá dé, yẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀ wò. Kó jẹ́ èyí tí gọ́ọ̀mù bo gbogbo inú rẹ̀ pátá. Èyí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ wà létí nìkan, afẹ́fẹ́ máa wà láàárín, ojú kámẹ́rà kò sì ní mọ̀ pé o fọwọ́ kàn án. Kó fẹ́lẹ́. Àwọn tó ń tà á máa ń yin èyí tó nípọn pé òun ló lágbára, àmọ́ bó bá ṣe nípọn tó náà ni wàá ṣe máa fi agbára tẹ̀ ẹ́ tó, bí o bá sì ń fi agbára tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà á mì. O tún sọ pé ojú kámẹ́rà tìrẹ máa ń ṣí síta, tí o lè yí i sókè sódò. Gíláàsì tó bá nípọn, tàbí tó yọ jáde létí, kò ní jẹ́ kó padà sínú ilé rẹ̀ dáadáa. Tipátipá ni wàá máa fi pa á dé títí ìdè rẹ̀ á fi kán.

Àwọn kan wà tí kì í dán. Wọ́n á sọ fún ọ pé ó dára fún oòrùn. Òótọ́ ni, oòrùn kì í kọ mànà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí gbogbo fọ́tò dà bí èyí tí wọ́n bu iyanrìn kúnná lé lórí, o kò sì ní mọ èyí tó mú kedere yàtọ̀ sí èyí tí kò mú. Fún ẹni tó fẹ́ máa fi fóònù wo fíìmù, ó dáa. Fún iṣẹ́ tiwa, èyí tó mọ́ gaara ni kí o rà. Bí oòrùn bá pọ̀ jù, fi ara rẹ ṣíji bò ó.

Bí ọkùnrin Ọjà Igbó bá tún ní òun máa gé gíláàsì fún ọ, bi í pé kí ló fẹ́ fi gé e. Gíláàsì gidi kì í gba àlùmọ́gàjí, ńṣe ló máa ń fọ́ wẹ́wẹ́. Èyí tí àlùmọ́gàjí bá gé, ike ni. Má bá a jà. Kí i, kí o máa lọ.

Má lẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, má sì lẹ̀ ẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Balùwẹ̀ ni kí o lọ. Wọ́n omi sílẹ̀ àti sára ògiri, ti ilẹ̀kùn, kí o fún eruku láyè kó jókòó. Bọ́ híjáàbù rẹ sílẹ̀ kí o tó wọlé, òwú máa ń jábọ́ lára rẹ̀. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí òrí kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé o ń pa òrí, ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ le ju tibí lọ. Etí gíláàsì nìkan ni kí o dì mú. Bí o bá rí ohun tó dà bí ìhó omi lábẹ́ rẹ̀, fi aṣọ rírọ̀ tì í láti àárín lọ sí etí, jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn náà, dán an wò kí o tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Fi ìka kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o wá kan àárín. Àárín ni kí o dán wò jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú èèyàn máa ń wà. Ya ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wínníwínní sí, gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kí o fẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu, ṣí i kúrò. Àníkẹ́, ṣí i kúrò. Kámẹ́rà tí kò ní gáàdì, ìlà ló lè gbà. Èyí tí gáàdì rẹ̀ kò dára, irọ́ ló máa pa fún ọ.

N kò mọ ohun kelòó tí mo kà dé báyìí. Èyí tó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ gíláàsì nìkan.

Ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí, nígbà tí a gbé fọ́tò náà kọ́ ní pálọ̀. O ní, "Màmá, kí ló ṣe ojú Ìyá Àgbà?" Mo ní wọ́n mira ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Táófíkì, mo sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé wa láti ọdún náà. Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ ní Ìrẹsà, ẹnìkan ní kí n mú fọ́tò wá, mo mú un wá, wọ́n béèrè, mo tún ní wọ́n mira. Ìyá Kékeré gbé ojú sókè láti ibi tí wọ́n jókòó sí.

"Àṣàkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ò mira o. Èmi ni mo di àga mú."

"Ẹ ò rí i ni, Ìyá."

"Mi ò rí kí ni? Ọwọ́ mi wà lára àga. Bí wọ́n bá mí èémí, mò ń mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀yìn wọn lẹ wà. Èmi ni mo wà níwájú."

Gbogbo èèyàn ló gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá dé Ìrẹsà, Ìyá Kékeré á kí mi dáadáa, wọ́n á béèrè gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún mi ní ẹ̀gẹ́ dání. Wọn kì í béèrè iṣẹ́ mi. Èmi náà ò gbé kámẹ́rà dé ibẹ̀ mọ́.

Ìyá Àgbà ò mira. Tú bébà tó wà nínú àpòòwé yẹn báyìí, kí o gbé gíláàsì náà kọjú sí iná. Wàá rí òwú ní àárín. Wàá rí àtàǹpàkò mi ní igun. Inú àpótí aṣọ mi ni mo tọ́jú rẹ̀ sí láti ọjọ́ tí mo ti ṣí i kúrò. Ìyá mi tí wọ́n ń tọ́jú ojú fún ló ríran jù nínú pálọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo sọ fún wọn pé ojú wọn ni.

Wàá ba fọ́tò jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kò sí bí o ṣe lè ṣe é. Nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀, sọ pé ìwọ lo bà á jẹ́, kí o tún un yà nígbà tí ẹni náà ṣì wà níwájú rẹ. Má sọ pé wọ́n mira. Ó rọrùn láti sọ, gbogbo èèyàn ló sì máa gbà ọ́ gbọ́, torí ìwọ lo di kámẹ́rà mú. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn.

Ní Ìrẹsà, Ìyá Kékeré ni kí o kọ́kọ́ yà kí o tó ya ẹnikẹ́ni. Sọ fún wọn pé mo ní ẹ̀gbọ́n wọn ò mira. Má fi nǹkan kan kún un, má sì bá mi bẹ̀bẹ̀. Màá wá fúnra mi. Lẹ́yìn náà, gbé kámẹ́rà fún wọn kí wọ́n wo ara wọn. Jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù wọ́n. Ojú tiwọn náà ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní àwọn ò rí i dáadáa, má sọ pé ojú wọn ni. Yẹ iṣẹ́ rẹ wò.

Pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn kí o tó kúrò nílé lọ́jọ́ Sátidé.

Bó bá di ọjọ́ Àìkú, gba ọ̀dọ̀ wa wá, kí o gbé kámẹ́rà náà dání. O mọ̀ pé èmi tí mo ń ya gbogbo ayé, kò sí fọ́tò mi tó dáa nílé yìí. Mo ti gbé àga sí ibi tó wà lọ́jọ́ yẹn, bàbá rẹ sì ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mì mọ́. Mo ti yọ kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri. Màá jókòó jẹ́ẹ́. Bí o bá yà mí tán, gbé e wá kí n wò ó. Bí mo bá ní n kò rí ojú mi dáadáa, má bá mi jiyàn.

Tún mi yà.

Èmi tí mo bí ọ,
Àṣàkẹ́.